Orúkọ Tí Ba Kò Fẹnu Pè

Wọ́n ní mo lọ jà ní London. Ọ̀rọ̀ náà ti dé Ìwó kí ẹsẹ̀ mi tó dé. Mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán nínú ọkọ̀ níwájú ilé tí ìyàwó àbúrò ọkọ mi ti ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé mo gba ìwé mọ́ òṣìṣẹ́ òyìnbó lọ́wọ́ nínú ilé onílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Mi ò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo sọ̀rọ̀ ni, mo sì sọ ọ́ kó yé wọn. Bí wọ́n bá tún gbé mi padà lọ síbẹ̀ lọ́la, ohun tí mo sọ náà ni mo máa tún sọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló fà á. Orúkọ ọkọ ìyá àgbàlagbà ará Íńdíà kan ni, tí wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ mú un kúrò nínú ilé tó ti ń gbé láti nǹkan bí ogójì ọdún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi pe orúkọ ọmọ ọlọ́mọ nínú rẹ́jísítà. Bó bá ti di ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ má bá mi ṣeré.

*Nídìí kántà*

Oṣù mẹ́ta ni mo lọ lò lọ́dọ̀ Sìdí, ọmọ mi obìnrin, ní Peckham, lápá gúúsù London níbi táwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bàálù dá yín lágara. Ó fò, ó sì bà. Ibi tí wàhálà ti kọ́kọ́ yọjú ni ìdí kántà tí wọ́n ti ń wo ìwé ìrìnnà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ lóhùn jẹ́jẹ́. Ó bi mí pé ta ni mo fi sílé. Mo ní ọkọ mi ni. Ó ní, "Kí lorúkọ ọkọ yín?"

Ẹ̀yin obìnrin ilé, ẹ dá mi lóhùn: ta ló ń bi yín ní irú ẹ̀? Ọdún mẹ́rìnlélógójì tí mo ti wọlé ọkọ, orúkọ yẹn ò gba ètè mi jáde rí. Lọ́jọ́ tí iná fẹ́ ràn mọ́ ọn láṣọ nídìí ààrò pàápàá, "Bàbá Mùkáílà, iná o" ni mo pariwo. Àwọn àbúrò rẹ̀ tí mo bá nílé, mo fún kálukú lórúkọ tèmi: ọ̀kan ń jẹ́ Akọ̀wé, ọ̀kan ń jẹ́ Ìdí-ìlẹ̀kẹ̀, èyí tó kéré jù ń jẹ́ Ọkọ Mi Kékeré títí tó fi hu irùngbọ̀n. Bí ìyá mi ṣe ṣe é nìyẹn, bí ìyá tiwọn náà sì ṣe ṣe é nìyẹn.

Mo dá a lóhùn pé, "Bàbá Mùkáílà." Ó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ó ní ṣé Bàbá ni orúkọ rẹ̀, kí Mùkáílà wá jẹ́ orúkọ ìdílé. Kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọ́n lè dá mi padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lu òǹtẹ̀, ó ní kí n gbádùn ara mi. Ọ̀gbẹ́ni Bàbá lọkọ mi ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn títí di òní.

*Lórí àtẹ̀gùn*

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ Peckham tàn yín jẹ. Iṣu wà níbẹ̀. Ògúfe, pọ̀nmọ́, èlùbọ́, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù ní Rye Lane. Alápatà kan tó jẹ́ ará Afghanistan kí mi pé "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì," ó sì bi mí bóyá ṣàkì ni mo fẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n kúnlẹ̀ kí i padà.

Ohun tí ò sí níbẹ̀ ni ìkíni. Ilé alájà mẹ́rin ni ilé Sìdí. Ẹ máa pàdé èèyàn lórí àtẹ̀gùn, á máa wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀ bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kí àkọ́kọ́, kò dáhùn. Mo kí ìkejì, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi. Sìdí ní, "Mọ́mì, ẹ just fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn, kálukú ń sáré lọ sí shift ẹ̀ ni." Mo ní mi ò gbọ́. Àgbàlagbà ni mí, mi ò lè máa kọjá lára ọmọ èèyàn bíi pé òpó iná ni. Mo kí gbogbo wọn tipátipá, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn náà ti ń kí mi. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bi mí pé ibo ni mo lọ lánàá tóun ò gbóhùn mi.

Ọjọ́ kẹta tí mo dé, Sìdí ń múra iṣẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá nílò nǹkan kan, ẹ kan ilẹ̀kùn Ba. Ilé ni Ba máa ń wà all day." Mo ní Ba wo? Ó ní Ba tó wà lápá ọ̀tún wa. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọmọ Yorùbá pe "Ba" sí mi létí, kí ni kí n rò? Mo rò pé bàbá arúgbó kan ló dá gbé ibẹ̀. Mo wọ aṣọ tó bójú mu, mo bo orí mi dáadáa, mo gbé mọ́ínmọ́ín sínú àwo, mo lọ kanlẹ̀kùn. Obìnrin kúkurú kan tó wé aṣọ funfun gbọọrọ mọ́ra ló ṣí i, ó máa tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Mo kúnlẹ̀, mo ní Ba ni mo wá kí. Ó ní òun nìyí. Mo ní rárá o, bàbá ni mò ń wá. Ó ní, "Bàbá ti kú láti ọdún mẹ́fà."

Ìyá ló ń jẹ́ Ba lédè Gùjàrátì tiwọn. Ojú tì mí, mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ara ilẹ̀kùn mú. Lẹ́yìn náà ló bi mí ohun tó wà nínú mọ́ínmọ́ín. Mo ka ẹja, mo ka ẹyin. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá àwo padà fún mi, ó ní òun kì í jẹ ohun ẹlẹ́mìí. Ìyẹn ò ní kí n má padà wá. Lọ́jọ́ kejì mo gbé èkuru lọ, ẹ̀wà lásán, láìsí ẹja, láìsí ẹyin. Òun náà gbé oúnjẹ tirẹ̀ jáde, irú ẹ̀wà kan tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì fi ooru omi sè títí tó fi wú, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Mo tọ́ ọ wò. Mo ní, "Ba, èkuru nìyí." Ó ní dhokla ni. A jiyàn lórí ẹ̀ títí tá a fi jẹ méjèèjì tán.

*Lẹ́tà kan ṣoṣo*

Láti ọjọ́ náà, bí Sìdí bá ti jáde, mo ti wọlé Ba nìyẹn. Ó ti rán aṣọ òtútù ní ilé iṣẹ́ kan ní Deptford fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ló ti gbọ́ èdè òyìnbó. Ti ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ìkọ̀wé ni tèmi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi èdè elédè bára wa sọ̀rọ̀. Ó ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́-ben. Arábìnrin ni ben yẹn, obìnrin tí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún ni wọ́n ń fi kún orúkọ rẹ̀.

Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ orúkọ sílẹ̀. Mo bi í ohun tí Saroj túmọ̀ sí, torí ohun tí òun gan-an ń jẹ́ nìyẹn. Ó ní inú Sáńsíkíríìtì ló ti wá, èdè àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ orúkọ wọn ti ṣẹ̀. "Èyí tí a bí nínú adágún" ni, ìyẹn òdòdó kan tó máa ń yọ lójú omi. Mo ní òṣíbàtà ni. Ó ní kí n tún un pè. Ó pè é títí tó fi mọ̀ ọ́n, ó sì ní bó bá wù mí, kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ ń jẹ́ Vijay, ìṣẹ́gun ló túmọ̀ sí. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ṣẹ́gun lọmọ yín ń jẹ́, ẹ kò sọ fún mi." Ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní Kánádà ń jẹ́ Asha. Mo ní, "Àṣá? Ta ló ń fi ẹyẹ tó ń gbé ọmọ adìyẹ sọ ọmọ?" Ó bojú jẹ́. Ó ní ìrètí ni. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Etí mi ló fi ohùn tiwa sórí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni bí orúkọ náà ṣe ń wá. Níbi tí wọ́n ti bí Ba, bàbá àti ìyá kọ́ ló ń sọ ọmọ lórúkọ, arábìnrin bàbá ọmọ ni. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ìràwọ̀ tó wà lójú ọ̀run nígbà tí ọmọ wáyé. Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní lẹ́tà tirẹ̀, arábìnrin bàbá á wá wá orúkọ tí lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ba, orúkọ àmútọ̀runwá nìyẹn. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ọmọ tiyín kàn ń mú bọ̀." Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í wo ìràwọ̀ mọ́, orúkọ kúkurú tó máa rọ òyìnbó lọ́rùn láti pè ni wọ́n ń wá. Mo ní báwọn tiwa náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé onílé làwọn ń wò báyìí.

Mo wá bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Ó tún aṣọ èjìká rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Bàbá Vijay."

Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró. Mo bi í báwo ló ṣe ń pè é nígbà tó wà láyé. Ó ní òun kàn máa ń sọ pé, "Ṣé ẹ ń gbọ́?" Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, "Ṣé ẹ ń gbọ́?" ló fi ń pe ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà ò sì ṣi í gbọ́ rí. Mo sọ ti Bàbá Mùkáílà fún un, mo sọ ti ìdí kántà. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Mi ò bi í ní orúkọ náà mọ́. Mo mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀.

*Ojú fèrèsé*

Lọ́jọ́bọ̀ kan mo lọ wo aṣọ ní ọjà Deptford. Nígbà tí mo dé, mo bá Ba lórí àga, kò se tíì, kò tan tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn arúgbó ti wá bi í ní ìbéèrè. Vijay tó ń gbé ìlú tó jìnnà ló ní kí wọ́n wá, torí pé Ba ṣubú nílé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù sì ń bà á pé iyè ìyá òun ti ń ra. Wọ́n bi Ba ní ọdún tá a wà, ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi í ní oṣù, ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kó ka nọ́ńbà sẹ́yìn láti orí ogún, ó kà á. Wọ́n wá bi í ní orúkọ ọkọ rẹ̀.

"Mo nawọ́ sí ojú fèrèsé," Ba ní. "Ó tún bi mí, ó pariwo sí mi létí bíi pé adití ni mí. Mo tún nawọ́. Ó wo ìta, ọkọ̀ akólẹ̀ ló rí. Ó kọ nǹkan sílẹ̀."

Obìnrin náà máa padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ láti parí ìwé. Bó bá jẹ́ ohun tó kọ yẹn náà ni, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Forest Hill ni wọ́n máa gbé Ba lọ. Wọ́n ní ibẹ̀ dáa, wọ́n ní ọgbà wà níbẹ̀. "Mi ò ní kí wọ́n fún mi ní ọgbà," Ba ní.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí obìnrin náà rí lójú fèrèsé. Ó wò mí bíi pé ó yẹ kí n mọ̀. Nílùú wọn, bí wọ́n bá bi ìyàwó ní orúkọ ọkọ rẹ̀, ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí ló máa fi hàn. Bó bá jẹ́ ti àtùpà, á nawọ́ sí àtùpà. Ẹni tó bá lóye á wá bá a pe orúkọ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bi í, oòrùn ràn, ìyẹn kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ní London. "Ẹni tó ni ọjọ́," Ba ní. "Ohun tó ń jẹ́ nìyẹn. Ó wà lójú ọ̀run níbẹ̀, mo fi hàn án."

Ẹni tó ni ọjọ́. Ọlọ́jọ́. Ẹni táwọn bàbá ńlá wa máa ń júbà fún kí wọ́n tó sọ ohunkóhun láàárọ̀. Inú bí mi, mi ò fi bò. Wọ́n bi èèyàn ní ìbéèrè, ó fi ìwà ọmọlúàbí dá wọn lóhùn, wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí rẹ̀ ti dàrú.

*Ṣẹ́gun lórí fóònù*

Sìdí ò fẹ́ kí n dá sí i. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, àlejò lẹ jẹ́ níbí. Ẹ sọ fún Ba kó kàn pe name yẹn, just one word, ọ̀rọ̀ á parí." Mo ní ó dáa, jẹ́ kí èmi náà kọ́kọ́ pe ti bàbá rẹ kó o gbọ́. Mo la ẹnu. Sìdí ń wò mí. Kò jáde. Ó ní mò ń ṣeré ni, mi ò sì ṣeré rárá.

Síbẹ̀, mo jíṣẹ́ rẹ̀ fún Ba, kó má dà bíi pé èmi ni mo dè é lẹ́nu. Ba ní, "Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo fi pa á mọ́, mo tún fi ọdún mẹ́fà lé e. Ṣé torí ilé ni kí n wá tà á?" Mo ní kó má tà á. Mo ní kó fún mi ní fóònù rẹ̀.

Mo pe Vijay. Ohùn ẹni tí ó ti rẹ̀ ni, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi, ó ń pè mí ní Aunty. Ó ní, "Aunty, èmi fúnra mi bi í lóṣù tó kọjá. Mo ní, Ba, kí lorúkọ Dádì? Kò lè sọ ọ́. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo sunkún." Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ mi ò torí ìyẹn fi í sílẹ̀. Mo ní, "Vijay, ronú dáadáa. Láti kékeré rẹ, ìgbà wo lo gbọ́ tí ìyá rẹ pe orúkọ bàbá rẹ?"

Ó ní, "Mi ò gbọ́ ọ rí."

Mo ní kí lorúkọ náà. Ó ní Dinesh. Mo ní kí ló túmọ̀ sí. Ó ní òun ò mọ̀, ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni o, kò mọ ìtumọ̀ orúkọ bàbá tó bí i. Èmi ará Ìwó ni mo sọ ọ́ fún un, látorí àga ìyá rẹ̀. Ó ní òun á wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní ọjọ́ tìrẹ nìyẹn lédè wa, má jẹ́ kó kọjá.

*Ọjọ́ Ìṣẹ́gun*

Mi ò lè pe obìnrin tí wọ́n rán wá ní èèyàn burúkú. Ọmọdé ni, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n ní kó bọ́ ọ. Ó kí wa. Vijay jókòó ti ìyá rẹ̀, èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó bi mí pé ta ni mí, mo ní aládùúgbò. Ó ṣí fáìlì, ó rọra bi Ba ní orúkọ ọkọ rẹ̀. Ba wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo ní, "Kò ní pè é."

Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí Mọ́mì fẹnu ara wọn dáhùn. Mo ní wọ́n ti dáhùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwọ ni ò gbọ́. Mo ṣàlàyé fèrèsé fún un, mo ṣàlàyé oòrùn. Mo ní, "Nílùú tèmi náà, a kì í pe orúkọ ọkọ. Bi mí ní ti ọkọ tèmi, mi ò ní pè é. Kọ èmi náà sílẹ̀ pé orí mi ti dàrú." Ohùn mi lọ sókè níbẹ̀, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́ nílé pé mo jà nìyẹn. Vijay ní, "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu Ba rí. Èmi ni mi ò ronú." Ba gbá a lórúnkún, bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀ fún ọmọ tó ti sọ̀rọ̀ jù.

Obìnrin náà ní òun gbọ́, àmọ́ ohun méjì péré ló wà nínú ìwé òun: ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n. Èwo ni kí òun kọ?

Mo ní, "Ó mọ̀ ọ́n. Kò pè é ni."

Ó gbé bírò dúró, kò kọ ọ́. Ó ní báwo ni òun ṣe fẹ́ dá ìyẹn mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwa là ń sọ ọ́, kì í ṣe Ba. Ó wá bi Vijay ní orúkọ náà kó lè wà lákọsílẹ̀, Vijay sọ ọ́, ó kọ ọ́. Ó yí ìwé sí Ba pé kó buwọ́ lu ìsàlẹ̀.

Ba wá awò ojú rẹ̀, ó fi í sójú, ó ń ka ìwé náà láti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀, kò kánjú. Nígbà tó dé ibì kan, ó dúró. Ó pòṣé. Ó gba bírò lọ́wọ́ obìnrin náà. Dinish ni wọ́n kọ. Ba fa igi gba inú i kejì, ó fi e rọ́pò rẹ̀, ó sì wo orúkọ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin bóyá ó ti pé. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípa.

Obìnrin náà wo lẹ́tà náà, ó wo Ba. Ó kọ "Ó mọ̀ ọ́n" síwájú ìbéèrè náà, ó ní òun ò ní ìbéèrè mìíràn. Ba ti dìde lọ sí ìdánà, ó ń bi í látibẹ̀ pé ṣíbí ṣúgà mélòó ni kí òun fi sí tíì rẹ̀.